Ilà àárín oògùn kì í ṣe àṣẹ pé kí á là á

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ní oògùn yòówù tó bá ti ní ilà láàárín, kí á là á sí méjì láìfòyà, pé tìtorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa ilà ọ̀hún. Mi ò wá bá a jà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo tún ń yangàn sí i. Tẹ́lọ̀ ni mí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gé aṣọ, ta ló fẹ́ wá kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ ìdajì?

Ọ̀dọ̀ Màámi lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Amlodipine 10 mg ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, dókítà ní kí wọ́n bọ́ sí 5 mg. Ó wo èyí tó kù lọ́wọ́ wa, ó ní a lè máa dá a sí méjì títí yóò fi tán. Iṣẹ́ dé nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo da ọgbọ̀n hóró sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo mú bíléèdì tí mo fi ń tú rírán, ó di gígé. Hóró àkọ́kọ́ ta dànù, ó wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìkejì là sí mẹ́ta. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi mọ́ ọn, àmọ́ nígbà tí mo ṣe tán, ìyẹ̀fun funfun ti bo ibi tí mo ti ń gé e. Mo fẹnu fẹ́ ẹ dànù. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé oògùn Màámi ni mò ń fẹ́ lọ yẹn. Mo kó àwọn ìlàjì sínú ìgò, kò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rún.

Síbẹ̀, kò fa wàhálà kankan. Ìfúnpá Màámi dúró dáadáa, ẹsẹ̀ wọn fà. Ìyẹn gan-an ló wá kó sí mi lórí.

Nifedipine ni Bàámi ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn, ẹyọ kan lójúmọ́. Hóró náà tóbi, ọ̀fun wọn kì í sì í fẹ́ gbà á mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní, “Ìwọ tó ń gé ti ìyá ẹ, ṣé tèmi nìkan ni bíléèdì ẹ ò lè wọ̀?” Mo gé e. Mo fún wọn ní ìlàjì kan, mo tún fún wọn ní ìkejì, omi tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń lò lánàá náà ni wọ́n lò lónìí.

Kò tó wákàtí kan tí ojú Bàámi fi pọ́n bí ojú ẹni tó yáná. Wọ́n ní àyà àwọn ń lù kìkìkì. Wọ́n dìde pé àwọn fẹ́ lọ tọ̀, wọ́n di ẹnu ilẹ̀kùn mú, wọ́n sì ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tó ń bọ́ lórí hángà. Èmi ni mo gbá wọn mú. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ ìfúnpá ka 88 lórí 50, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn ga, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Apoògùn tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tí mo lè bí, gba páálí lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka tẹ lẹ́tà méjì tó wà lẹ́yìn orúkọ oògùn náà: XL. Ó ní, “Bàbá, ta ló ní kí ẹ gé e? Oògùn odidi ọjọ́ kan ni wọ́n dì sínú hóró yìí, kó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24. Bí ẹ ṣe là á yẹn, ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti òru ni ẹ dà sí wọn lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.” Ojú tì mí.

Àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pọ̀: SR, XR, ER, CR, MR. EC tún yàtọ̀ ní tiẹ̀. Ìyẹn ní èèpo lára tí kì í jẹ́ kó yọ́ kó tó kúrò nínú ikùn, bóyá torí kí oògùn má baà bó ikùn, bíi ti diclofenac, oògùn ara ríro, tàbí kí omi kíkan inú ikùn má baà pa agbára oògùn. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn: ẹ má sì rò pé kéèyàn ṣáà ti mọ lẹ́tà wọ̀nyí, ó ti parí. Apoògùn náà ní metoprolol succinate kan wà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó jẹ́ ayọ́díẹ̀díẹ̀, tó sì ṣe é dá sí méjì lójú ilà rẹ̀, àmọ́ kò ṣe é rún, kò sì ṣe é fi eyín jẹ. Ó tún ní àwọn ilà mìíràn wà tó jẹ́ pé torí kí oògùn lè rọrùn láti gbé mì ni wọ́n fi fà á, kì í ṣe pé apá méjèèjì dọ́gba. Ìwé pélébé inú páálí ló máa ń sọ èyí tó ṣe é pín. Tiwa wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Mo bi í léèrè bóyá ìlàjì Màámi tí kò dọ́gba ti pa wọ́n lára. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní amlodipine máa ń pẹ́ nínú ara, pé tí tòní bá kéré díẹ̀, tọ̀la á dí i. Ó ní ti warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tàbí digoxin tí àwọn tó ní àrùn ọkàn ń lò, kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ tó bá lé tàbí tó bá dín níbẹ̀, ọ̀ràn ni. Bí dókítà bá ní kéèyàn dá warfarin sí méjì, ó máa ń ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni finasteride, oògùn púròsítéètì. Kò yẹ kí aláboyún fọwọ́ kan èyí tó ti fọ́, nítorí ọmọkùnrin tó lè wà níkùn. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń nu tábìlì yẹn, oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú ẹ̀ nígbà náà.

Ibi tó ń dùn mí rèé. “Ẹyọ kan lójúmọ́” ni wọ́n kọ sára oògùn Bàámi. Bí wọ́n bá kọ “ẹ má là á” mọ́ ọn, ìnáwó ìlà kan péré ni. Ẹ̀yin dókítà àti apoògùn, bí ẹ bá sì fẹ́ ká lo ìdajì, ẹ dárúkọ oògùn náà, ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ wa kí ẹ tó sọ ọ́.

Màámi ṣì ń lo ìdajì. Ike kékeré tó ní abẹ nínú, tí wọ́n dìídì ṣe fún gígé oògùn, ni mò ń lò báyìí. Ẹyọ kan ni mò ń gé, ìlàjì kejì sì ni tọ̀la, kí n tó tún mú òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú ibi tí ẹ tẹ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí ni kí ẹ bá mi tẹ èyí sí. Bàámi ti gé ìyẹn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ohun tí n óò rí sọ sí i.

Èmi ni,
Tẹ́lọ̀ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín.