Ẹni tó bá lọ Paraty, kó dé Campinho

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ nípa Brazil, Bahia ṣáá ni, mi ò bá yín jà o, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wa pọ̀ sí, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi Paraty, ìlú àtijọ́ kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro, kún un.

São Paulo ni mò ń gbé, oṣù tó kọjá lèmi àtìyàwó mi wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Òkè Serra do Mar wà lẹ́yìn ìlú, igbó bò ó dúdú, òkun wà níwájú, odò Perequê-Açu ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Góòlù tí wọ́n ń wà ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais láyé àtijọ́, ẹ̀yìn ìbaaka ni wọ́n fi ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ Rio, látibẹ̀ ó di Portugal. Ìgbà tí wọ́n la ọ̀nà míì, tí réluwéè náà wá dé, kò fi bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó ń yà síbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi la títì Rio-Santos lẹ́yìn 1970, ìyẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n wó àwọn ilé àtijọ́ yẹn. Ilé funfun, wíńdò búlúù, ẹni tó bá mọ Pópó Àgùdà l'Ékòó á kàn dúró máa wò ni.

Mọ́tò ò gbọdọ̀ wọ àárín ìlú, òkúta gbágungbàgun ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, òṣùpá ti kún lóru, bá a ṣe jáde báyìí òkun ti wọ àdúgbò, omi ti gba àárín òkúta dé ẹnu ọ̀nà àwọn onílé, ìyàwó mi bọ́ bàtà sọ́wọ́. Àṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kí òkun lè wọlé wá fọ títì, kó tún padà.

Ohun tó dùn mí ni pé ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri sọ ti góòlù, ó sọ ti cachaça, ọtí ìrèké wọn, kò dárúkọ àwọn tó tẹ́ òkúta yẹn rárá. Ẹrú ni wọ́n, Áfíríkà ni wọ́n ti kó wọn. Èmi ni mo bi í nípa ṣọ́ọ̀ṣì Rosário tó ti wà láti 1725, tí àwọn ẹrú kọ́ fúnra wọn torí àwọ̀ ara ni wọ́n fi ń pín ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn.

Àwa fúnra wa la wá bọ́ọ̀sì lọ sí Campinho da Independência, abúlé àwọn ọmọ ẹrú, kò jìnnà sílùú. Obìnrin mẹ́ta ló tẹ̀ ẹ́ dó, Antonica, Marcelina àti Luiza, ọdún 1999 ni wọ́n tó rí ìwé ilẹ̀ wọn gbà. Ìyá àgbà kan ń yan gààrí níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i ní Yorùbá, kò gbọ́, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi, ó ṣì gbóná. Kò kan bíi tiwa, torí àwọn kì í jẹ́ kó pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án, àmọ́ gààrí ni.

UNESCO ti kọ Paraty mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2019. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Campinho.

Òǹkàwé yín, São Paulo