Oògùn irun yẹn kì í ṣe ti gbogbo orí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn oògùn oníhóró tuntun tó ń mú irun hù, mo sì dúpẹ́ pé èdè wa ni ẹ fi kọ ọ́. Àmọ́ láti ìgbà tó ti jáde, oníbàárà mẹ́rin ló ti wá bá mi sọ̀rọ̀ oògùn náà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ní Ojúwoyè, ní Múṣín, bẹ́ẹ̀ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnì kan ṣoṣo ni orí rẹ̀ jọ irú èyí tí oògùn náà wà fún. Ẹ kò sọ fún wa pé irun tó ń re kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo.

Èyí tí wọ́n ṣe oògùn yìí fún ni èyí tí irun máa ń ká kúrò lójijì ní róbótó, tí ojú ibẹ̀ á dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń pè é ní làpálàpá, ṣùgbọ́n kò léèépá bíi ti làpálàpá. Àwọn ọmọ ogun inú ara ló dojú ìjà kọ ìdí irun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kì í sì dédé jà: àrokò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn, àwọn ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní JAK ló sì ń gba àrokò náà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń gbé e wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ. Èròjà oògùn yìí kéré débi pé ó ráyè wọlé lọ dí JAK lọ́wọ́. Àrokò kò ní dé ibi tó ń lọ, ìjà á rọlẹ̀, ìdí irun tí kò tíì kú á sì tún rú. Ní ọdún 2014 ni Angela Christiano, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àìsàn náà ti ṣe òun fúnra rẹ̀ rí, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí baricitinib, ọ̀kan nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, fún àwọn àgbàlagbà ní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n sì fọwọ́ sí òmíràn, ritlecitinib, ní ọdún tó tẹ̀ lé e fún ẹni ọdún 12 sókè. Síbẹ̀, nínú àwọn tó lo baricitinib tó lágbára jù fún ọ̀sẹ̀ 36, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni irun padà bo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún orí wọn.

Orí tí mo ń rí jù ní tèmi ni èyí tí ẹ̀bátí rẹ̀ ti jẹ sẹ́yìn nítorí irun tí a dì le jù. Àwa onídìrí ni a ń fà á le, kí ó lè pẹ́ lórí. Kò sí àrokò kankan nínú ìyẹn. Bí a bá tètè tú u tí a sì fi orí náà sílẹ̀ kó sinmi, irun á padà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di àpá, ihò irun ti dí pa nìyẹn. Ti àwọn bàbá tí iwájú orí wọn ń pá tún yàtọ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ẹni kẹrin yẹn, ọmọdébìnrin ọdún 15 kan. Ìyá rẹ̀ yọ páálí oògùn náà nínú báàgì, ó ní Ìsàlẹ̀ Èkó lòun ti rà á, ẹni tó tà á kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ òun. Ọmọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tú irun rẹ̀ tán. Oògùn tó ń dá ọmọ ogun ara dúró lè jí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn sínú ara, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Mo bẹ ìyá náà pé kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, níbi tí àyẹ̀wò náà ti jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá dókítà awọ ara kan tí yóò kọ ojú ìwé kan péré, pẹ̀lú àwòrán oríṣi irun tó ń re kọ̀ọ̀kan. Èmi yóò gé e, màá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onídìrí kan, Ojúwoyè, Múṣín, Èkó.