Ihò Orí Àpótí Jèhóíádà

Ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa,

Ìwàásù lórí sùúrù ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n láti alẹ́ Ọjọ́rú ni mo ti pa ìwé náà tì, nítorí ẹsẹ Bíbélì kan tí mo gbọ́ ní ìpàdé ìlú lórí owó iṣẹ́ omi wa, lẹ́nu ọmọ ìgbìmọ̀ kan tí ó ń fi í dá ara rẹ̀ láre nígbà tí a ní kí ó ṣírò. Ẹsẹ náà wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 12, ẹsẹ 15, níbi tí a ti kà pé wọn kò bá àwọn tí a fi owó iṣẹ́ ilé Olúwa lé lọ́wọ́ ṣírò, nítorí pé òtítọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, n kò sì lè fà á ya kúrò nínú Bíbélì. Ohun tí mo ń bi ara mi títí ilẹ̀ fi mọ́ ni pé, ṣé ibẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀?

Ibẹ̀ kọ́. Ẹ padà sí ẹsẹ 4, níbi tí Jèhóáṣì ọba ti ní kí àwọn àlùfáà máa gba owó tí àwọn ènìyàn ń mú wá sí ilé Olúwa, kí wọ́n sì fi tún ibi tí ilé ti ya ṣe. Nígbà tí ọdún 23 ìjọba rẹ̀ pé, ilé ṣì ya sílẹ̀ bí ó ti wà. Ẹ kíyè sí i pé Bíbélì kò pe àlùfáà kankan ní olè níbẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé owó ń wọlé, iṣẹ́ kò sì hàn. Nígbà náà ni Jèhóíádà àlùfáà gbé àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sí apá ọ̀tún pẹpẹ, níbi tí ẹni tí ó bá ń wọlé yóò ti rí i. Nígbà tí owó bá pọ̀ nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo kò dá a ṣí: akọ̀wé ọba yóò wá, olórí àlùfáà yóò wá, wọn yóò kà á, wọn yóò sì dì í sínú àpò. Láti ibẹ̀ ni owó ti dé ọwọ́ àwọn alábòójútó iṣẹ́, tí àwọn náà sì san án fún gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀mọ̀lé àti agbẹ́kùúta. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ẹsẹ 15 tó dé. Orí ìṣirò ẹsẹ 10 ni àìṣírò ẹsẹ 15 jókòó sí, ẹni tí ó bá sì fa ìdí rẹ̀ yọ kò lè fi òkè rẹ̀ bo orí.

Ìdí tí mo fi ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ni pé owó ìdàgbàsókè ìgbèríko tí ó ń dé ìlú wa láyé yìí jọ àpótí Jèhóíádà. Àwọn àgbà rántí DFRRI, àjọ oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko, tí ìjọba ológun Babangida dá sílẹ̀ ní 1986, nígbà tí ó jẹ́ pé òkè ni wọ́n ti ń pinnu ọ̀nà àti kànga tí yóò kan abúlé. Nígbà tí CSDP, ètò ìdàgbàsókè ìlú àti àwùjọ, bẹ̀rẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú owó tí a yá lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé, ọwọ́ yí padà: ìlú fúnra rẹ̀ ni yóò pé jọ láti sọ ohun tí ó ṣaláìní, tí yóò yan ìgbìmọ̀ rẹ̀, tí yóò ṣí akàǹtì rẹ̀, tí àjọ ìpínlẹ̀ yóò sì san owó sínú akàǹtì náà dípò àpò agbaṣẹ́ṣe. Nínú gbogbo 100 náírà, 10 jẹ́ ti ìlú, ì báà ṣe owó, yanrìn tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ mílíọ̀nù 10, mílíọ̀nù 1 di tiwa. (Ìdá mẹ́wàá náà nìyẹn, a sì mọ bí a ti ń san ti ìjọ.) Lábẹ́ NG-CARES, ètò ìrànwọ́ lẹ́yìn àrùn Kòrónà, tí ó tẹ̀ lé e ní 2021, ìpínlẹ̀ yóò kọ́kọ́ ná owó, wọn yóò wá yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó dá owó náà padà fún un. Bí wọ́n bá ń bá odindi ìpínlẹ̀ ṣírò, ta ni nínú wa tí ó tóbi ju kí a béèrè risíìtì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ? Gbèsè sì ni owó náà. Àwọn ọmọ tí ẹ pọ̀n wá sí ìsìn lónìí ni yóò san án.

Ṣùgbọ́n n kò tíì dé ibi tí ó ń dùn mí. Ìwọ tí o kígbe olè lé àgbàlagbà lórí ní ìpàdé Ọjọ́rú náà, o kò dá kọ́bọ̀, o kò ru yanrìn, o kò wá sí ìpàdé mẹ́rin léraléra, ọjọ́ tí wọ́n ní owó ti dé ni o rántí pé ọmọ ìlú ni ọ́. A kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè pẹ̀lú ìkúùkù, àga gbọ̀ngàn sì wà fún ìjókòó. Ojú tì mí, nítorí àwọn tí mo rí níbẹ̀, apá kan wọn ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa.

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ iṣẹ́ omi, ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Mo mọ àwọn tí wọ́n jí ní ìdájí láti dúró ti ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n fi oko wọn sílẹ̀ ní àkókò ìkórè. Mo lọ sí ibi iṣẹ́ omi náà ní ọjọ́ Ẹtì, mo bu omi náà mu; ó mọ́, ó sì tutù. Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. Nítorí náà gan-an ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ lẹ ìwé ìnáwó náà mọ́ ara ògiri, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹnu ba làálàá yín jẹ́. Èmi náà jẹ̀bi: n kò tíì ka ìṣirò ìkórè ọdún tó kọjá sí etígbọ̀ọ́ yín. N óò kà á lẹ́yìn ìsìn òní.

Ìkéde: Ẹni méjì ni yóò máa ṣí àpótí ìkórè láti òní lọ, ọ̀kan nínú wọn yóò sì jẹ́ obìnrin. Ìsọmọlórúkọ wà ní àárọ̀ ọ̀la, aago mẹ́jọ. Àwọn tí wọ́n yá àwo ẹgbẹ́ ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà. Ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún dípò mẹ́fà ní Ọjọ́bọ̀, nítorí Báálẹ̀ ti pe ìpàdé mìíràn sí alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa la ó sì jọ lọ.