Ìyá Ìbejì, má jẹ́ kí wọ́n ta etí odò yẹn

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Kánádà ńkọ́? Mo rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹ pé àwọn bùọ̀dá ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ yín tó pààlà pẹ̀lú ti Bàbá Àgbà wa lẹ́yìn Ìsarà, o ní kí n bá ẹ lọ wò ó. Mo ti lọ o. Ohun tí mo rí ò ṣe é sọ tán lórí fóònù, ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí.

O rántí oko obì tá a máa ń gbà kọjá lọ sódò? Bàbá ò gé obì yẹn, wọn ò sì gbin òmíràn. Wọ́n kàn fi pèrègún ṣọgbà yí gbogbo ẹ̀ ká, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn ńbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sungbó, kò sí pé à ń fín oògùn apakoríko. Àwọn ará ilé bínú nígbà yẹn pé Bàbá ń fi owó ṣòfò. Wá wo ibẹ̀ báyìí! Láàrin àwọn igi obì tó ti darúgbó, ìrókò ti hù, àfàrà, arère, ahùn, àgbálùmọ̀, gbogbo ẹ̀ ti ga ju obì lọ. Mo bi Bàbá pé ta ló gbin ìrókò, wọ́n ní àdán ni, òótọ́ sì ni, àdán ló ń jẹ èso ìrókò lóru tó ń gbé kóró ẹ̀ kiri, àgbìgbò náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn igi eléso mí ì, ìdí nìyẹn tí Bàbá ò fi ń jẹ́ káwọn ọmọdé ta rọ́bà sí wọn.

Mo tún rí àlùkò. Mo ti ń gbọ́ "àlùkò ló losùn" látìgbà tí mo ti dáyé, mi ò mọ̀ pé apá ẹ̀ máa ń pọ́n wáí tó bẹ́ẹ̀ tó bá fò, àfi ìgbà tó gba orí mi kọjá. Bàbà gidi ló wà nínú àwọ̀ pupa yẹn o, bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná.

Ṣùgbọ́n etí odò, ọ̀rẹ́ mi! Ewé eéran kún ibẹ̀ bámúbámú, èso pupa ẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ilẹ̀ níbi tá a ti máa ń wá a, tá a bá ti lá a tán ọsàn kíkan gan-an á máa dùn lẹ́nu wa. Wọ́n ti yọ ohun tó ń dùn yẹn jáde, thaumatin ni wọ́n ń pè é, ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po bí i 2000, wọ́n ń fi sí ṣingọ́mù lókè òkun. Abẹ́ igi ni ewé yẹn fẹ́, ọ̀rinrin ló fẹ́, tí wọ́n bá gé igi kúrò lórí ẹ̀ oòrùn á pa á. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní òun ti rí akika ńbẹ̀ lóru. Kò léyín kankan, èèrà àti ikán ló ń fi ahọ́n lá jẹ, ọmọ kan ṣoṣo ló sì máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, torí ẹ̀ ni kì í tètè pọ̀ padà tí wọ́n bá ti ń pa á. Láti 2017 lòfin àgbáyé ti ní kí wọ́n má tà á kọjá bodè, síbẹ̀ o mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìpẹ́ ẹ̀ lọ́jà wa níbí.

Ilẹ̀ tiyín wá ńkọ́? Kí n má parọ́ fún ẹ, iwájú tó kọjú sí títì ti bàjẹ́, ewé Akíntọ́lá ti bò ó, tó bá ti gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn iná á jó o, ọmọ igi ò sì ráyè hù. Ìyẹn, kí wọ́n tà á. Àmọ́ ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ibi tí odò ti wọ inú tiyín, ibẹ̀ lẹtu àti ọ̀yà ń gbà jáde kúrò ní ti Bàbá. Ilẹ̀ Bàbá ò tóbi, kì í ṣe Igbó Ọmọ ní J4, igbó ìjọba ńlá yẹn ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí erin ṣì ń rìn, tí UNESCO ti kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn igbó tó yẹ ká dáàbò bò láti 1977. Tí katapílà bá wọ etí odò yẹn, ṣe la sé àwọn ẹranko yẹn mọ́lé, ibi tí wọ́n á gbà pàdé ẹgbẹ́ wọn ò ní sí mọ́.

Jọ̀ọ́, bá àwọn bùọ̀dá ẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n ta iwájú, kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀. Bàbá ní àwọn á máa bá yín ṣọ́ ọ láìgba kọ́bọ̀, a ó sì kọ ọ́ síwèé lọ́dọ̀ lọ́yà pé tiyín ni, kò ní di ìjà lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ̀jẹ́ǹtì ń bọ̀ wá wọnlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pè wọ́n kó tó dìgbà yẹn, kó o sì pè mí tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ tán.

Bá mi kí àwọn ìbejì àti bàbá wọn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ.