Máàkì IQ kò lè sọ fún wa ẹni tó mọ̀ jù láàárín Al-Biruni àti Leonardo

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ lórí àríyànjiyàn kan tí kì í tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ta ló ta yọ jù nínú àwọn ọlọ́pọ̀-ìmọ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n di ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tí kò bára tan? Orúkọ Leonardo da Vinci ló sábà máa ń ṣíwájú. Wọn á sì kọ máàkì IQ, ìyẹn òṣùwọ̀n làákàyè, síwájú rẹ̀, bí ẹni pé ó jókòó ṣe ìdánwò.

Kò ṣe ìdánwò kankan. Ọdún 1905 ni Alfred Binet àti Théodore Simon gbé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde ní Faransé, Leonardo sì ti kú láti 1519. Inú ìwé tí Catharine Cox, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1926 ni ọ̀pọ̀ nínú máàkì wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Ó kó ìtàn ìgbésí ayé àwọn olókìkí 301 jọ, wọ́n wo ohun tí kálukú ṣe nígbà èwe rẹ̀, wọ́n sì fojú díwọ̀n máàkì fún un. Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, gba 210. Ẹni tí àkọsílẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ bá pọ̀ ni máàkì rẹ̀ ń ga. Ẹni tí kò rí akọ̀wé kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, tirẹ̀ a lọ sílẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kò ka ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ṣáájú 1450 mọ́ ọn. Leonardo, ọmọ 1452, rá pálá wọlé. Al-Biruni, ọ̀mọ̀wé tí wọ́n bí ní 973 ní Khwarazm, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Uzbekistan lónìí, kò lè sí níbẹ̀ láéláé.

Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ ká fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ wo bó ṣe wọn ayé ní odi Nandana, tó wà ní Pakistan báyìí, níbi tí òkè kan ti kọjú sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa. Ó kọ́kọ́ dúró nísàlẹ̀, ó wọn igun tó fi wo ṣóńṣó òkè náà. Ó sún sẹ́yìn lórí ìlà kan náà, ó wọn bó ṣe sún tó, ó sì tún wọn igun kejì. Igun méjì àti ìwọ̀n ilẹ̀ àárín wọn ti tó láti ṣírò gíga òkè náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta okùn sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gun òkè, ó wo ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, ó sì wọn bí ibẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀ tó. Ó rí ìṣẹ́jú 34, èyí tó ju ìdajì dígírì lọ díẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígírì kan. Bí a bá fi cosine igun yẹn (iye tí ìṣirò trigonometry ń fún igun) sọ gíga òkè di púpọ̀, tí a sì fi ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí a yọ cosine náà kúrò nínú ení pín in, a ó rí bí àárín ayé ṣe jìnnà sí ojú ilẹ̀ tó. Ṣáájú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Khalifa al-Ma'mun, olórí Mùsùlùmí ní Baghdad, ní láti fẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀ kí wọ́n tó wọn dígírì kan ṣoṣo.

Ọ̀nà náà ní ewu tirẹ̀. Bí ó bá ṣi igun náà kà ní ìṣẹ́jú kan péré, tó pè é ní 33 dípò 34, ìdáhùn á fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 lé, ìyẹn nǹkan bí 390 kìlómítà. Afẹ́fẹ́ tún ń tẹ ìmọ́lẹ̀, ó ń gbé ìpẹ̀kun ilẹ̀ sókè lójú ẹni, ayé á wá dà bí èyí tó tóbi ju bó ṣe rí lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kò fi ìdá kan nínú 100 ṣì í. Ìgbọ̀nwọ́ ló fi wọn òkè náà, gígùn tí ẹ bá yàn fún ìgbọ̀nwọ́ kan ló máa pinnu ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ̀nà tó gbà sílẹ̀ kedere, òun la fi lè bá a jiyàn lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọkùnrin yìí kan náà ló kọ́ Sanskrit tó fi kọ ìwé nípa Íńdíà ní nǹkan bí 1030, ó sì ń da òkúta iyebíye sínú omi, ó ń wọn omi tó ṣàn jáde kó lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Ọwọ́ Leonardo dára ju ti gbogbo wọn lọ, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àwòrán ọkàn èèyàn tó yà ṣì ń ya àwọn dókítà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó ju 7,000 ojú ìwé tó fi ọwọ́ òsì kọ láti ọ̀tún sí òsì, kò sì tẹ wọ́n jáde, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wà ní Ítálì láyé rẹ̀. Francesco Melzi, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ló jogún wọn. Nígbà tí òun náà kú ní nǹkan bí 1570, ìwé fọ́n ká. Vesalius, dókítà kan, tẹ ìwé ẹ̀yà ara tirẹ̀ jáde ní 1543, òun ni ayé sì fi kọ́ṣẹ́. Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn náà nìyẹn ní Milan: ara ògiri tútù ló yẹ kí ọ̀dà ti mu, kó lè dì mọ́ ọn. Leonardo kùn ún sórí ògiri gbígbẹ kó lè ráyè ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ti ń ṣí kúrò nígbà tó ṣì wà láàyè.

Leibniz, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ni mo fi ṣe ìkejì sí Al-Biruni. Ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ délẹ̀, afẹ́fẹ́ tó fẹ́ fi fa omi kúrò nínú kòtò ìwakùsà ní Harz kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àmì calculus (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà) tó tẹ̀ jáde ní 1684 la ṣì ń kọ ní yunifásítì. Ní 1703 ó tẹ ìṣirò tó ń fi òdo àti ení nìkan kọ nọ́ńbà jáde, ó fi àmì 64 àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n fi irú ìlà méjì péré yà, wé e. Ẹni tó bá mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ á tètè lóye rẹ̀: èso mẹ́jọ, kálukú lè ṣí tàbí kó dojú dé, ó di 256. Ìṣirò kan náà ni, ẹnì kan kò sì jí i lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé tí ẹ bá tún ń tẹ irú ọ̀rọ̀ yìí jáde, kí ẹ yọ máàkì kúrò, kí ẹ fi iṣẹ́ tí èèyàn lè dán wò rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí ilé tó ga ní 100 mítà létí òkun l'Ékòó, ìpẹ̀kun òkun á rẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 19. Protractor ilé ìwé kò lè rí i, nítorí kò tó dígírì kan. Ẹ̀rọ tí àwọn awọnlẹ̀ ń gbé ka ẹsẹ̀ mẹ́ta lè rí i dáadáa, olùkọ́ ìṣirò tó bá sì yá ọ̀kan lè parí rẹ̀ ní ọ̀sán kan.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn