Lẹ́tà sí Àkàndé ní Kùtọ̀nù: ta ló ń bọ́ ọ?

Kétu

Àkàndé, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oúnjẹ jẹ lásìkò? Bàbá rẹ ń kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà ń kí ọ. Àgbàdo wa ti gbó, òjò ò sì ṣe wá níkà lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Bí mo bá pè ọ́, ó di "Màmá, mo ti gbọ́" kí n tó sọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìwé. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, torí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi ti kọ́ ìwé kíkà, inú Bíbélì Yorùbá ni mo ti kọ́ ọ. Ìwọ tí Faransé ti kún ẹnu rẹ, fara balẹ̀ kà á.

O ní ọ̀gá rẹ ní kí o máa kọ iye tí oníbàárà san gan-an sínú ìwé kékeré abẹ́ tábìlì, kí o wá tẹ iye tó kéré sínú ẹ̀rọ tí ìjọba ní kí àwọn oníṣòwò máa fi gé ìwé ọjà. O ní gbogbo àwọn tó wà lágbègbè yín ló ń ṣe é. O ní bí o bá kọ̀, ẹlòmíì á ti jókòó sórí àga rẹ kílẹ̀ tó mọ́. O wá bi mí bóyá Ọlọ́run á ka ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá sí ọmọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n bi ọ́ ní tèmi. Ta ló ń bọ́ ọ?

Mi ò bi ọ́ kí n lè rí nǹkan sọ o. Ẹni téèyàn bá gbà pé oúnjẹ òun wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí o bá ti gbà nínú ọkàn rẹ pé ọ̀gá rẹ ló ń bọ́ ọ, kò sí ìwàásù tí mo lè ṣe tí wàá fi lè wojú rẹ̀ kí o ní o ò ṣe. Wàá purọ́, wàá tún wá orúkọ rere fún irọ́ náà. Ṣùgbọ́n bó bá dá ọ lójú pé Ọlọ́run ló ń bọ́ ọ, pé ọ̀gá rẹ wulẹ̀ jẹ́ ọwọ́ kan lára ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí Ó ní, ẹ̀rù ọ̀gá á dín lójú rẹ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tiraka láti gbọ́ràn nígbà tí a ò tíì gbẹ́kẹ̀ lé E. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń nira bẹ́ẹ̀.

O mọ igbá tí a fi ń wọn gàrí àti àgbàdo lọ́jà wa. Ìwọ náà ti jókòó tì mí níbẹ̀ rí, o sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Àwọn kan á dojú abọ́ tánganran délẹ̀, wọ́n á fi òkúta lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi wú sínú. Àwọn kan á yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á da gàrí lé e, ojú ò ní rí i. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ fọwọ́ kan abọ́. Bí wọ́n ṣe ń bu gàrí ni wọ́n fi ń rẹ́ni jẹ: wọ́n á máa rọra wọ́n ọn láti òkè kó má baà kì, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ká a sókè ṣóńṣó, bí wọ́n bá sì ti fẹ́ dà á sápò oníbàárà, ìgúnpá á gbá ṣóńṣó yẹn padà sínú agbada. Oníbàárà tó wá láti Kùtọ̀nù á dúpẹ́, á gun ọkọ̀. Ilé ló máa dé kó tó mọ̀.

Nínú Diutarónómì orí 25, Ọlọ́run sọ fún Ísírẹ́lì pé wọn ò gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n méjì nínú ilé, ńlá kan àti kékeré kan. Mo fẹ́ràn bí Ó ṣe sọ ọ́. Kò dúró dìgbà tí wọ́n bá fi rẹ́ni jẹ. Kí méjèèjì wà nínú ilé kan náà, Ó ti kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rọ orí tábìlì àti ìwé abẹ́ tábìlì, kí lo rò pé wọ́n jẹ́? Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn. Ọ̀gá rẹ ló ni ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ìka ọwọ́ rẹ ló ń tẹ ẹ̀rọ.

Mi ò ní tàn ọ́ o. Àwọn tó ń lu ìdí abọ́ ń tà jù mí lọ, pàápàá nígbà tí gàrí bá wọ́n. Mi ò lè sọ fún ọ pé abọ́ mi tó tẹ́jú ló sọ mí di olówó, torí mi ò di olówó. A jẹun, a bora, ẹ̀yin ọmọ sì lọ sílé ìwé. Bó ṣe rí nìyẹn. Bí oníwàásù kan bá sọ fún ọ pé bí o bá ti gbọ́ràn lónìí, mọ́tò á wọlé dé lọ́la, bi í pé inú Bíbélì wo ló ti kà á.

Lọ ka Ẹ́kísódù orí 16, fi ìka rẹ sórí ẹsẹ 4. Ìtàn mánà ni. Ọlọ́run tó rọ oúnjẹ láti ọ̀run lè rọ ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ti òòjọ́ ni Ó ń rọ̀. Ó sì sọ ìdí rẹ̀: kí Òun lè dán wọn wò, bóyá wọn yóò rìn nínú òfin Òun. Inú ẹsẹ kan náà ni oúnjẹ àti ìgbọràn wà. Àwọn tó kó ti ọ̀la pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù, ó yọ ìdin sí wọn lọ́wọ́, ó sì rùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, Ó ní kí wọ́n kó ìlọ́po méjì nítorí ọjọ́ ìsinmi, wọ́n kó o pamọ́, kò sì bàjẹ́. Oúnjẹ kan náà ni o, ọ̀rọ̀ ẹnu Ọlọ́run nìkan ló yàtọ̀. Títí dòní, bí Jésù ṣe kọ́ wa láti gbàdúrà náà ni: oúnjẹ òòjọ́ wa.

Má sì lọ fi èyí ṣọ̀lẹ. Bí oòrùn bá ti mú, mánà á yọ́. Ẹni tó bá sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, ebi ló máa jẹ. Gbígbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ò ní kó o má tètè jí lọ síbi iṣẹ́. Bákan náà, ẹni tó ní kó o fi MoMo, owó orí fóònù yẹn, sanwó àdúrà kí ilẹ̀kùn iṣẹ́ tó ṣí, òun lo máa gbẹ́kẹ̀ lé bó o bá san án. Má san án.

Ọmọ Kétu ni ọ́, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé ọ ju ẹlòmíì lọ. Àwọn baba wa mọ odi yí ìlú ká, wọ́n gbẹ́ yàrà sí i, wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà Akaba Idẹna tí àwọn àjèjì ń wá wò dòní. Ọdún 1853 ni Àjàyí Crowther mú ọ̀rọ̀ Kristi wá sí ìlú yìí. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì parí ní èdè wa. Ọdún 1886 ni ogun Dàhọ̀mì kó Kétu, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tó kù tó padà wálé. Bí mo bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá, Sáàmù 127 ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, pé bí Olúwa ò bá pa ìlú mọ́, asán ni olùṣọ́ ń ṣọ́ ọ. Ẹnu ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀, ìlú ló lọ. Mi ò sọ pé àwọn baba wa dẹ́ṣẹ̀ ju Dàhọ̀mì lọ o, ta ni mo jẹ́? Ohun tí mò ń sọ ni pé odi ìlú àti yàrà rẹ̀ ò gbani. Ǹjẹ́ irọ́ inú ẹ̀rọ á gba ìwọ?

O tún ní kí n jẹ́ kí o ṣe é fún oṣù díẹ̀, títí wàá fi san owó ilé, àti pé wàá yọ ìdámẹ́wàá nínú rẹ̀. Àkàndé! Mo rẹ́rìn-ín, ká má purọ́. Lọ ka Sámúẹ́lì kìíní, orí 15. Ọlọ́run ní kí Sọ́ọ̀lù má dá nǹkan kan sí. Ó pa èyí tí kò wúlò, ó dá èyí tó sanra sí, ó wá pàdé wòlíì pẹ̀lú ẹ̀rín pé òun ti ṣe gbogbo rẹ̀. Sámúẹ́lì béèrè pé, igbe àgùntàn tí òun ń gbọ́ létí yìí ń kọ́? Sọ́ọ̀lù ní wọ́n fẹ́ fi rúbọ sí Olúwa ni. O rí i bí ó ṣe bá tìẹ mu? Má fi ìdámẹ́wàá bo àgùntàn lẹ́nu.

Gbogbo ẹni tí o bi nípa ọ̀rọ̀ yìí ni o dárúkọ fún mi: ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, àti èmi. O ò sọ pé o bi Ọlọ́run. Jóṣúà tó gba Jẹ́ríkò, búrẹ́dì tó bu ni àwọn ará Gíbéónì fi tàn án jẹ, torí wọn ò béèrè lẹ́nu Olúwa. Jésù fúnra rẹ̀ ní Ọmọ ò lè ṣe ohunkóhun fún ara rẹ̀, àyàfi ohun tó bá rí tí Baba ń ṣe. Bí Òun bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kí ni tìrẹ? Kúnlẹ̀ lálẹ́ yìí, má gbàdúrà gbọọrọ. Sọ fún Un pé ẹ̀rù ọ̀gá ń bà ọ́, sọ iye owó ilé tó o jẹ, ní kó fún ọ lẹ́nu tí wàá fi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wàá fi ìgbọràn ra ìfẹ́ rẹ̀. Ó ti fẹ́ràn rẹ kó o tó mọ owó kà.

Bí o bá wá fẹ́ kọ̀ fún ọ̀gá rẹ, fi ọ̀wọ̀ kọ̀. O mọ bí bàbá rẹ ṣe ń ṣe bí agboolé bá ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kò dáwó ẹbọ, kò jẹ nínú rẹ̀, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Á bá wọn ru àga, á pọn omi fáwọn àlejò, á dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. (Wọ́n ní àjọ UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún gbogbo ayé láti 2001. Bàbá rẹ ní kí wọ́n bá òun kí wọn.) Kò sí ẹni tó pè é lọ́tàá nínú agboolé. Dáníẹ́lì náà ò bú ọba nítorí oúnjẹ, ó bẹ ẹni tí olórí àwọn ìwẹ̀fà fi ṣe olùtọ́jú wọn pé kí wọ́n dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nítorí náà, má sọ ọ́ níwájú oníbàárà. Dúró kí ṣọ́ọ̀bù tú. Dọ̀bálẹ̀, kí o ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀sìn mi ò jẹ́ kí n lè kọ iye tí kì í ṣe òótọ́. Iṣẹ́ tó kù, ẹ kó o lé mi lórí, màá ṣe é." Lẹ́yìn náà, pa ẹnu mọ́. Má wàásù fún un, má sì halẹ̀ pé wàá lọ fẹjọ́ sùn.

Ó lè gbà. Ó sì lè lé ọ. Nínú Àwọn Ọba kìíní orí 17, Ọlọ́run ní kí Èlíjà lọ sétí odò Kérítì, ó lọ, ẹyẹ ìwò ń gbé oúnjẹ wá fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹsẹ méjì péré lẹ́yìn tó gbọ́ràn, odò gbẹ. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pa Bíbélì dé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí odò gbẹ ni ọ̀rọ̀ mìíràn tó dé, pé kó dìde lọ sí Sáréfátì, sọ́dọ̀ opó tí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Bí odò Kùtọ̀nù bá gbẹ, má lérò pé o ṣìnà.

Owó oṣù tí ọ̀gá rẹ ń san, o ní kò tilẹ̀ ju 52,000 sẹ́fà tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má san kéré sí láti 2023. Ó dùn mí pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó tún jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tó o máa pàdánù kò ga tó bí ẹ̀rù rẹ ṣe ga. Yàrá rẹ ṣì wà nílé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tajà ní Ouando ní Àjàṣẹ́ ní òun ń wá ẹni tó mọ ìṣírò. Kì í ṣe ẹyẹ ìwò, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò ní òṣùwọ̀n méjì. Mo ti bá a sọ ọ́.

Mo fi gàrí àti ẹ̀wà díẹ̀ rán awakọ̀ tó máa ń gbé wa. Lọ gbà á ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n má baà já àpò náà. Lára gàrí yẹn, fún ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá.

Bí o bá ti bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ tán, kí o pè mí. Má pè mí ṣáájú ìgbà náà, torí màá bi ọ́ pé kí ló ń dá ọ dúró.

Èmi ni ìyá rẹ.