Owó ilé-ìwé Táyé àti ọ̀rọ̀ ọ̀dà

Melbourne

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le. Mo ti fi ìdajì owó ilé-ìwé Táyé ránṣẹ́, ìyókù ń bọ̀ lópin oṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bọ̀dá fi ra sìmẹ́ńtì.

Wọ́n ní mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo ń fowó ra ọ̀dà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ mi. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo yọ sílẹ̀ láti máa kọ́ àwòrán. Ẹ wá ní ẹni tó ti pé àádọ́ta ọdún, kí ló fẹ́ fàwòrán dà?

Màmá ayàwòrán kan ti wà ní Australia níbí rí, Emily Kame Kngwarreye, ọmọ Aboriginal (àwọn tó ti ń gbé ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé), ẹ̀yà Anmatyerre, ará Utopia nínú aṣálẹ̀ lókè Alice Springs. Nǹkan bí ọdún 1910 ni wọ́n bí i. Oko màlúù àwọn òyìnbó ló ti ṣiṣẹ́. Tí àwọn obìnrin wọn bá fẹ́ ṣorò, wọ́n á fi ọ̀dà ilẹ̀ fín àyà àti èjìká ara wọn. Ibẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ mọ ìlà. Ọdún 1977 ni wọ́n tó kọ́ wọn ní àdìrẹ alábẹ́là: ìda gbígbóná, aró, kí wọ́n tún se aṣọ kí ìda lè jáde. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà. Nígbà tó yá, ó ní wàhálà aṣọ sísè ti pọ̀ jù, ojú òun náà ò ríran dáadáa mọ́. Ṣé kì í ṣe ohun tẹ́yin náà sọ nìyẹn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kó ìkòkò aró yín sílẹ̀?

Ìparí 1988 ni kánfáàsì, aṣọ tí wọ́n ń ya àwòrán lé, dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá tó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Kó tó kú ní 1996, iṣẹ́ rẹ̀ ti tó nǹkan bí 3,000.

Mo lọ wo ọ̀kan ní National Gallery of Victoria, ilé àwòrán ńlá ní Melbourne níbí, èyí tó ṣe ní 1995 nípa iṣu ilẹ̀ wọn. Mítà 8 ni gígùn rẹ̀, mítà 3 ni gíga rẹ̀. Ìlà funfun lórí dúdú, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bíi gbòǹgbò, bí ilẹ̀ ṣe ń sán nígbà tíṣu bá ta. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹ̀ṣọ́ fi ń wò mí.

Ní 2007, iṣẹ́ rẹ̀ kan tà ju mílíọ̀nù kan dọ́là Australia lọ. Mi ò ní tèmi á tà o. Nígbà ayé rẹ̀, ẹbí tó ń jẹ lára owó rẹ̀ kò kéré. Ìyẹn yé mi dáadáa.

Ẹ bá mi bi Bọ̀dá: owó pákó òrùlé tí mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, fọ́tò òrùlé náà dà? Kí Táyé náà fi rìsíìtì ránṣẹ́ tó bá ti sanwó.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́